Àlùbọ́sà ìdí ìkòkò: ohun tó ń ṣe Tanímọ̀la

Ọjọ́rú, ọjọ́ 26 oṣù Kejì ọdún 2025, mo ti ọjà Ìgbọ̀nà dé, Tanímọ̀la ò dìde pàdé mi. Ajá tó jẹ́ pé kí kẹ̀kẹ́ Márúwá tó gbé mi tó dúró ló ti máa ń gbó nídìí géètì. Lọ́jọ́ yẹn, ó na ara rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúrọ́ọ̀mù omi, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tó sáré dé. Mo pè é, ìrù ló gbé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, orí ò kúrò nílẹ̀. Níbi tó tọ̀ sí, ojú sìmẹ́ńtì ti pọ́n bíi pé wọ́n da tíì tí kò ní mílíìkì síbẹ̀.

Alásè ni mí. Òkè-Baálẹ̀ là ń gbé ní Òṣogbo, ẹ̀yìnkùlé ilé wa la sì ti ń dáná nígbà tí wọ́n bá gbé iṣẹ́ ìnáwó fún wa. Tanímọ̀la ti pé ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà náà. Ẹkùkẹ ni ìyá rẹ̀, Alisésíàn ni bàbá rẹ̀. Ìyá ọkọ mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, bí àwọn àgbà ṣe máa ń fi orúkọ ajá pòwe. Òun ló ń ṣọ́ ìkòkò, abọ́ àti àpò ìrẹsì onínàáwó fún wa lóru. Mi ò lè ka iye òru tí mo fọkàn balẹ̀ sùn nítorí ajá yìí.

Ohun tí a bá jẹ kù ni òun náà ń jẹ. Ẹ̀bà tàbí ìrẹsì àná láàárọ̀, a ó da ọbẹ̀ lé e. Lálẹ́, bákan náà. Tí a bá wá se ìnáwó, ọdún dé fún un nìyẹn. Ẹni tó bá ti se ọbẹ̀ igba èèyàn rí á mọ ohun tí mò ń sọ: àlùbọ́sà tí a kọ́kọ́ dín nínú òróró á rọ̀, á bá ata jókòó sí ìdí ìkòkò, ìyẹn ò sì ṣeé bù fún àlejò. Omi tí a fi bọ ẹran náà á wà níbẹ̀, pẹ̀lú àlùbọ́sà gígé tó ti yọ́ sínú rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ la máa ń fi ẹ̀bà nù fún Tanímọ̀la, ó sì lè jẹ ẹ́ fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Inú mi máa ń dùn bí mo bá ń wò ó tó ń lá abọ́. Ìkẹ́ ni mo pè é.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tó máa rẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Ó ṣe é nínú oṣù Kọkànlá, ó tún ṣe é nínú oṣù Kejìlá. Ẹnì kan wà tó máa ń bá wa gún un lábẹ́rẹ́ nílé. Nígbà méjèèjì, ó ní ibà eégbọn ni, ó gún un, ó lọ. Lóòótọ́, ajá wa ní eégbọn, pàápàá láàárín ìka ẹsẹ̀ àti nínú etí. Lẹ́yìn bí ọjọ́ mẹ́fà sí méje, ara rẹ̀ á yá, a ó ní abẹ́rẹ́ ló ṣe é. Ara yíyá yẹn ló tàn wá jẹ.

Lẹ́ẹ̀kẹta yìí, ẹni tó ń gún un kò sí nílùú. Ọmọ mi obìnrin ló ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sílé ìwòsàn ẹranko." Ọ̀kan wà lọ́nà Gbọ̀ngán tí a máa ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. A fi aṣọ ìkélé àtijọ́ wé e, a gbé e sẹ́yìn ọkọ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ni dókítà náà. Ó kí wa, ó gbé ètè Tanímọ̀la sókè, ó fi ìka tẹ èrìgì rẹ̀. Èrìgì tó yẹ kó pọ́n ti funfun bí òwú, ó sì ti fẹ́ máa yọ pupa rúsúrúsú.

"Mà, kí ló jẹ?"

"Dókítà, kò jẹ nǹkan kan láti àná."

"Ti àná kọ́ ni mò ń bi yín mà. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kí ló ti ń jẹ?"

Mo ní oúnjẹ ilé ni. Kò sọ̀rọ̀. Ó fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, ó gbé e lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Nígbà tó máa padà wá, ó ní PCV rẹ̀ jẹ́ 17. Ẹ̀jẹ̀ ajá tí ara rẹ̀ dá máa ń wà láàárín 37 sí 55; ìyẹn ni pé nínú ìdá 100 ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, sẹ́ẹ̀lì pupa kò ju 17 lọ mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi ń mí bẹ́ẹ̀, nítorí sẹ́ẹ̀lì pupa yẹn ló ń gbé afẹ́fẹ́ kiri ara. Ó ní bó bá tún fi wálẹ̀, a ó ní láti wá ajá mìíràn tó sanra, tó lálàáfíà, tí yóò fún un lẹ́jẹ̀. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ajá ń fún ajá lẹ́jẹ̀.

Mo ní, "Ṣé ibà eégbọn náà ni, Dókítà?"

Ó ní ohun tí òun náà kọ́kọ́ rò nìyẹn, torí ibà eégbọn pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ó sì máa ń sọ ìtọ̀ ajá di pupa dúdú báyìí. Àmọ́ ó ti fi ẹ̀jẹ̀ náà sórí gíláàsì, ó ti fi aró kùn ún, kò rí kòkòrò ibà yẹn nínú rẹ̀. Nǹkan mìíràn ló rí. Ó pè mí wọlé, ó ní kí n fi ojú sí awò. Àwọn òbìrìkìtì kéékèèké ni mo rí, lára ọ̀pọ̀ wọn ni nǹkan dúdú bíntín kan ti yọ ṣóńṣó létí, bí èso ẹ̀gún lára aṣọ. Ó ní wọ́n ń pe kókó yẹn ní Heinz, orúkọ dókítà ará Jámánì kan tó ṣàpèjúwe rẹ̀ lọ́dún 1890.

"Mà, ẹ dákun, ṣé ó ń jẹ àlùbọ́sà?"

Mo fẹ́ sọ pé rárá. Ta ló máa gbé àlùbọ́sà fún ajá? Ọmọ mi ló wò mí lójú. Òun ló ń fọ ìkòkò lẹ́yìn ìnáwó.

Bí dókítà ṣe là á yé wa rèé, mo sì ti bi í léèrè lẹ́ẹ̀mejì kí n lè sọ ọ́ bó ṣe yẹ. Àwọn èròjà kan wà nínú àlùbọ́sà, àwọn tó ní imí ọjọ́, àwọn náà ló ń fún un ní òórùn tó máa ń ta ni lójú. Ara èèyàn lè kojú wọn. Ti ajá kò lè tó bẹ́ẹ̀, ti ológbò ló tún wá burú jù. Wọ́n á ba ohun pupa tó ń gbé afẹ́fẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì jẹ́, á ṣù pọ̀, ìṣù yẹn ni kókó tí mo rí. Sẹ́ẹ̀lì tó bá ti ní kókó kì í pẹ́ fọ́, ara ajá gan-an á sì máa pa wọ́n run. Èyí tó fọ́ ló ń bá ìtọ̀ jáde, tó ń sọ ọ́ di tíì. Sísè kò mú un kúrò, dídín kò mú un kúrò, gbígbẹ kò mú un kúrò. Áyù náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, àlùbọ́sà eléwé náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyẹ̀fun àlùbọ́sà tilẹ̀ lágbára ju tútù lọ, torí ohun tó wà nínú odidi ló ti gbẹ sínú ìyẹ̀fun díẹ̀.

Ohun tó wá mú kó ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti mọ̀ ni pé kì í ṣe ọjọ́ tí ajá jẹ ẹ́ ló ń ṣàìsàn. Ó lè bì díẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó sì lè má bì. Ọjọ́ kẹta, ọjọ́ kẹrin, ọjọ́ karùn-ún ni ẹ̀jẹ̀ á wá lọ sílẹ̀ tán, nígbà náà olówó rẹ̀ ti gbàgbé ohun tó jẹ.

Mo ní ìwé kan. Gbogbo ìnáwó tí a ti se, ọjọ́ rẹ̀, iye èèyàn, ibi tí a ti se é, ó wà nínú rẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ yẹn tí wọ́n dá Tanímọ̀la dúró síbẹ̀ pẹ̀lú omi tí wọ́n ń fà sí i lára, mi ò rí oorun sùn, mo ṣí ìwé náà. Sátidé ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá, ìgbéyàwó, ẹ̀yìnkùlé la ti se é. Ọjọ́rú tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ 13, ni ara rẹ̀ kò yá. Mo rántí torí ọjọ́ náà ni mo san owó abẹ́rẹ́, mo kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé. Sátidé ọjọ́ 14 oṣù Kejìlá, ọjọ́ìbí ọgọ́ta ọdún. Ọjọ́rú ọjọ́ 18, owó abẹ́rẹ́. Sátidé ọjọ́ 22 oṣù Kejì, ìsìnkú àgbà. Ọjọ́rú ọjọ́ 26 ni èyí.

Èyí tó mú mi ju ìwé sílẹ̀ ni ti oṣù Kìíní. Sátidé ọjọ́ 18 oṣù Kìíní, a se ìnáwó tó tóbi jù nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kò sí owó abẹ́rẹ́ kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ajá wa sáré kiri ilé ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn. Ìkìrun la ti se é, nílé olóde, ìdí ìkòkò sì kù síbẹ̀ fún àwọn ará ilé wọn. Kò sí nǹkan kan tó bá wa padà dé Òṣogbo bí kò ṣe ìkòkò fífọ̀.

Mo gbé ìwé náà fún dókítà láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó kà á, ó tún un kà. Kò búra fún mi pé eégbọn kò lọ́wọ́ nínú èyíkéyìí nínú àìsàn méjì àkọ́kọ́, torí a ò ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ nígbà náà, àti pé kòkòrò ibà náà lè wà lára kó má hàn lórí gíláàsì. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn wọ̀ mí lọ́kàn. Àmọ́ ó bi mí ní orúkọ abẹ́rẹ́ tí wọ́n ti gún un, mi ò mọ̀ ọ́n. Ó ní oògùn tí wọ́n sábà máa ń lò fún ibà eégbọn, diminazene, kò fàyè gba àṣìṣe. Bó bá pọ̀ jù, tàbí tí wọ́n bá tètè tún un gún, ó lè ba ọpọlọ ajá jẹ́. À ń gún ajá tí àlùbọ́sà ń pa ní oògùn ibà. Mo jókòó síta ilé ìwòsàn yẹn, mo sunkún.

A wọn Tanímọ̀la. Ọ̀nà tó rọrùn ni: mo gbé e mọ́ra, mo dúró lórí òṣùwọ̀n, ó ka 89, mo gbé e sílẹ̀, èmi nìkan dúró, ó ka 71. Kìlógíráàmù 18. Dókítà ní láti bíi gíráàmù 15 àlùbọ́sà fún kìlógíráàmù ara kan ni ewu tó hàn gbangba ti ń bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ajá, bí díẹ̀díẹ̀ tí wọ́n ń jẹ lójoojúmọ́ náà sì máa ń kó jọ. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: gíráàmù 270, àlùbọ́sà bíi mẹ́ta. Mẹ́ta péré, nígbà tó jẹ́ pé agbọ̀n ni mo fi ń ka tèmi tí mo bá ń se òde.

Kò sí oògùn tó ń wẹ àlùbọ́sà kúrò lára. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n dá àlùbọ́sà dúró, wọ́n fa omi sí i lára kí ẹ̀jẹ̀ tó fọ́ má baà ba kíndìnrín jẹ́, wọ́n ní kó má rìn kiri, wọ́n sì ń ka PCV rẹ̀. Ọjọ́ kejì, 16. Ọjọ́ kẹta, 17. Ọjọ́ kẹta yẹn ló jẹ ẹyin sísè kan lọ́wọ́ ọmọ mi, a sì gbé e lọ sílé. Ọjọ́ kẹjọ, 24. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, 38.

Ìgbà yẹn ni ìbéèrè tó le wá dé: kí la ó máa fún un jẹ báyìí?

Dókítà kọ́kọ́ sọ ti oúnjẹ ajá inú àpò. Ó ní bí a bá máa rà á, kí n wá ọ̀rọ̀ "complete" lára àpò náà, kí n sì wò ó bóyá ajá àgbà ni wọ́n ṣe é fún tàbí ọmọ ajá. Èyí tí wọ́n bá kọ "complementary" sí lára, ìpápánu ni, kò lè dá gbé ajá. Ó kìlọ̀ pé kí n má ra èyí tí wọ́n tú sínú agbada tí wọ́n ń fi kọ́ọ̀pù wọ̀n lọ́jà, torí ọ̀rá inú rẹ̀ á ti kan, ọ̀rinrin á sì jẹ́ kó bu. Ebu tó máa ń mú àgbàdo àti ẹ̀pà ń ba ẹ̀dọ̀ ajá jẹ́ gidigidi. Mo lọ béèrè iye odidi àpò. Agbára wa kò lè gbé e lóṣooṣù.

Nítorí náà, a pín in: ti inú àpò láàárọ̀, èyí tí a sè lálẹ́. Ajá tó wọn kìlógíráàmù 18, tí kì í jókòó sójú kan, ń fẹ́ nǹkan bíi 1,000 kálórì lóòjọ́, nítorí náà ìdajì ló ń bọ́ sí alẹ́. Ìrẹsì ni mo fi ń ṣe ìdí rẹ̀, mi ò sì fi gààrí ṣe é mọ́, torí ẹ̀bà ń kún ikùn ni, kò sí èròjà amára-dàgbà kan gbòógì nínú rẹ̀. Mo ń fi ẹja ṣáwá tí mo sè nínú ìkòkò alágbára (pressure cooker) títí egungun rẹ̀ fi rọ̀ pátápátá sí i, tàbí ẹyin tó sán tí àwọn olóko adìẹ ń tà lówó pọ́ọ́kú, tàbí ẹran adìẹ tí a ti yọ egungun rẹ̀. Ẹ̀dọ̀, díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Bó bá pọ̀, fítámìn A inú rẹ̀ á di wàhálà. Kárọ́ọ̀tì tàbí ẹ̀fọ́ ùgú tí a gé wẹ́wẹ́. Òróró ṣíbí kan. Kò sí iyọ̀, kò sí mágí, torí ọ̀pọ̀ mágí ló ní ìyẹ̀fun àlùbọ́sà nínú. Ẹ yí páálí rẹ̀ padà, ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kálísíọ̀mù ni mi ò mọ̀ rárá. Mo rò pé ẹran ni gbogbo nǹkan fún ajá. Dókítà ní ẹran lásán àti ìrẹsì lásán kò ní in tó, ara á wá máa fa kálísíọ̀mù jáde láti inú egungun. Ọmọ ajá tó bá ń jẹ bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á tẹ̀, ó lè ṣẹ́ láìṣubú. Èèpo ẹyin ni ó fi yanjú rẹ̀ fún wa. Alásè kì í sọ èèpo ẹyin nù! Mo ń sè é, mo ń yan án gbẹ, mo ń lọ̀ ọ́ kúná bí ìyẹ̀fun. Ìdajì ṣíbí tíì lójúmọ́ ló tó ajá bíi tiwa bó bá jẹ́ oúnjẹ tí a sè nìkan ló ń jẹ. Nígbà tó jẹ́ pé ti inú àpò ti ní in, ìdajì ìyẹn ni mò ń fi sí i.

Egungun adìẹ sísè, a kò fún un mọ́. Ó máa ń ṣẹ́ ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́. Ṣúkù àgbàdo náà, tí ìgbà àgbàdo bá dé tí àwọn ọmọ ń jù ú sílẹ̀ káàkiri, ajá lè gbé e mì, kó há sí ìfun, kó di iṣẹ́ abẹ. Níti àwa alásè, kéèkì ìgbéyàwó ló yẹ ká ṣọ́ra fún jù: èso àjàrà gbígbẹ inú rẹ̀ ń ba kíndìnrín ajá jẹ́, ṣokoléètì náà sì jẹ́ májèlé fún un. Obì pàápàá, tí kò sí òde tí kì í sí, ohun tó ń lé oorun lọ́jú wa nínú rẹ̀ lè mú kí àyà ajá máa lù kìkì.

Ìyá Àgbà kò gbà kíákíá. Ó ní, "Ìyàwó mi, ajá bàbá mi ní Ìrágbìjí jẹ ọbẹ̀ títí ó fi darúgbó. Kò sí ẹni tó wọn oúnjẹ fún un."

Mi ò fẹ́ bá a jiyàn. Mo ní, "Ìyá, ẹ má bínú mà. Kí lẹ fi ń se ọbẹ̀ nígbà yẹn?"

Ó ronú. Ó ní ata, irú, epo pupa, ẹja gbígbẹ, ẹran ìgbẹ́ tí ọdẹ bá pa á.

"Àlùbọ́sà ńkọ́ mà?"

"Àlùbọ́sà? Òkè Ọya ni wọ́n ti ń gbé e wá. Ta ló ń da agbọ̀n rẹ̀ sínú ọbẹ̀? Ẹyọ kan ni ìyá mi máa ń rà, tí àlejò bá fẹ́ wá." Ó dákẹ́. Ó wo Tanímọ̀la tó sùn sẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò tún sọ nǹkan kan mọ́, àmọ́ láti ọjọ́ náà ló ti máa ń ké sí àwọn ọmọdé pé kí wọ́n má fún ajá ní ọbẹ̀.

Ohun tí mo yí padà níbi iṣẹ́ kò pọ̀, ó kàn gba kí n máa rántí rẹ̀ ni. Kí àlùbọ́sà tó wọ ìkòkò ẹran, mo ti bu ti Tanímọ̀la sọ́tọ̀ sínú ìkòkò kékeré tó jẹ́ tirẹ̀. Ìdí ìkòkò ọbẹ̀ a máa lọ sínú dúrọ́ọ̀mù tó ní ìdérí, òkúta sì máa ń wà lórí ìdérí náà. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló ń ti géètì ẹ̀yìnkùlé kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í bu oúnjẹ. Mo sọ fún àwọn alásè mìíràn ní Ọjà Ọba. Àwọn kan gbọ́, àwọn kan ní ajá tiwọn kò ṣe nǹkan kan rí. Mo ní kí wọ́n fọwọ́ gbé ètè rẹ̀ sókè lọ́jọ́ kẹrin lẹ́yìn òde, kí wọ́n wo èrìgì rẹ̀.

Sátidé ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà, a se ìgbéyàwó ọ̀ọ́dúnrún èèyàn ní ẹ̀yìnkùlé. Ọjọ́rú ọjọ́ 25, mo jí kí ilẹ̀ tó mọ́, mo gbé tọ́ọ̀ṣì, mo lọ bá a níbi tó sùn sí, mo gbé ètè rẹ̀ sókè. Èrìgì rẹ̀ pọ́n. Ó lá ọwọ́ mi, ó dìde, ó sá lọ sídìí abọ́ rẹ̀. Mo kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé, níbi tí mo máa ń kọ owó abẹ́rẹ́ sí tẹ́lẹ̀: "Ó jẹun."